IYỌ̀ KAN NÁÀ, ARA Ọ̀TỌ̀Ọ̀TỌ̀
Ọ̀rọ̀ lórí òòyì ìdìde àti ìlera ìdílé wa

Àwọn tó ṣètò ìwé yìí ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìlera. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà tó kan ọmọdé, tó kan àgbà, tó sì wà nínú àṣà tí a wá ṣe lónìí gan-an.

Ẹ wo orí pèpéle. Àwọn ọmọkùnrin yóò dọ̀bálẹ̀, àwọn ọmọbìnrin yóò kúnlẹ̀. Àgbà yóò máa ṣàdúrà lé wọn lórí, àdúrà Yorùbá kì í sì í kúrú. Nígbà tí wọ́n bá ní "Ẹ dìde, ẹ óò dàgbà, ẹ óò dọ́jọ́ ogbó", ọmọ kan yóò fò dìde, yóò sì gbá orí mú. Ojú rẹ̀ ṣú, etí rẹ̀ ń hó, ilẹ̀ ń yí lọ́tùn-ún lósì. Ní ìhà kejì, ìyá àgbà kan tó ti jókòó láti àárọ̀ yóò gbọ́ ìró dùndún, yóò gbéra láti jó, yóò sì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kí ó tó di àga mú. Òòyì ló kọ́ àwọn méjèèjì. Kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé: "Ẹ bu iyọ̀ sómi fún un."

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyí: ṣé iyọ̀ ni oògùn òòyì ìdìde? Ìdáhùn mi ni pé oògùn ni fún ẹnìkan, ewu ni fún ẹlòmíràn, àwọn méjèèjì sì lè máa gbé inú ilé kan náà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí dákú. Ó dákú lẹ́ẹ̀kan nílé ìwé nígbà tí wọ́n tò wọ́n sórí ìdúró láàárọ̀. Ó dákú lẹ́ẹ̀kan lórí ìlà níbi tí a ti fẹ́ sanwó ọjà. Ó tún dákú nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà orin ìyìn. Kálukú sọ tirẹ̀. Wọ́n ní kì í jẹun, wọ́n ní ọ̀lẹ ni, wọ́n tilẹ̀ ní ayé ló ń bá a jà. A gbàdúrà, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n a tún lọ rí dókítà.

Wọ́n ní kí ó dùbúlẹ̀, wọ́n ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, wọ́n sì wọn ìfúnpá rẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí BP. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ó dìde dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìfúnpá rẹ̀ kò wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn tó ń lù ní ìgbà 72 láàárín ìṣẹ́jú kan lórí ibùsùn ti di 120 lórí ìdúró. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń pè ní PoTS ló ń ṣe é. Wọ́n ní kí ó máa mu omi lítà méjì sí mẹ́ta lójúmọ́, kí ó sì máa fi iyọ̀ kún oúnjẹ rẹ̀ ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún un. Nígbà tó tó oṣù mélòó kan, ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí yá.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ọmọ ọdún 74 ni wọ́n, wọ́n sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti Ìbàdàn. Bí àwọn náà bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, òòyì a kọ́ wọn. Wọ́n rí i pé iyọ̀ ń ran ọmọ ọmọ wọn lọ́wọ́. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí bu ṣíbí iyọ̀ kan sínú ife omi wọn láràárọ̀. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ wọn wú. Bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo rò pé òtútù ìlú yìí ni. Ọjọ́ kan tí wọ́n tẹ̀lé mi lọ gba oògùn ní kẹ́mísìtì, apòògùn wo ẹsẹ̀ wọn, ó ní kí wọ́n jókòó, ó sì wọn ìfúnpá wọn. Ó jẹ́ 196 lórí 108. Láti ibẹ̀ la ti gba ilé ìwòsàn lọ.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, a kò sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń dùn mí títí dòní: ìyá mi kò ṣe aláìgbọ́n. Ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí ni wọ́n tẹ̀lé, òótọ́ sì ni ohun tí wọ́n rí. Ara ọmọ ni wọ́n kọ oògùn náà fún, ara àgbà ni wọ́n lò ó sí. Èmi tí mo mọ ìyàtọ̀ náà ni n kò ṣàlàyé. Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣàlàyé lónìí.

KÍ LÓ Ń FA ÒÒYÌ ÌDÌDE?

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ rántí omi inú ọ̀rá tí a ń mu bí a bá lọ sílé ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní pure water. Bí ẹ bá tẹ́ ọ̀rá náà sórí tábìlì, omi inú rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá di igun rẹ̀ kan mú tí ẹ gbé e dúró, omi á sáré lọ sí ìsàlẹ̀, òkè rẹ̀ á sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ara wa ṣe ń ṣe. Bí a bá ti ìdùbúlẹ̀ dìde dúró, ẹ̀jẹ̀ tó tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń sọ̀kalẹ̀ sínú ikùn àti ẹsẹ̀. Èyí tó ń padà sí ọkàn á dín kù, èyí tí ọkàn ń fi ránṣẹ́ sí ọpọlọ náà á sì dín kù.

Ẹlẹ́dàá kò fi wá sílẹ̀ láìní ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ wà nínú iṣan ńlá tó gba ọrùn wa kọjá, ó sì wà nínú iṣan ńlá tó ti inú ọkàn jáde. Bí wọ́n bá ti rí i pé ìfúnpá ń wálẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ á pàṣẹ pé kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ fún mọ́ra, kí ọkàn sì yára. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni gbogbo èyí ń gbà. A kì í tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Òòyì ń kọ́ni nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí bá pẹ́, tàbí nígbà tí omi ara kò tó, tàbí nígbà tí oògùn kan bá dí wọn lọ́wọ́, tàbí nígbà tí ọjọ́ orí tàbí ìtọ̀ ṣúgà bá ti sọ wọ́n di aláìlera.

Oríṣi méjì ló yẹ ká mọ̀. Ti èkíní, ìfúnpá gan-an ló ń já wálẹ̀. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá fi 10 wálẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ènìyàn dìde, àwọn dókítà gbà pé ìfúnpá rẹ̀ ń já lórí ìdúró. Àwọn àgbàlagbà ni èyí wọ́pọ̀ lára wọn. Ti èkejì ni PoTS, tí wọ́n fún ní orúkọ yìí ní 1993. Nínú èyí, ìfúnpá kì í já, ṣùgbọ́n ọkàn á máa sáré: yóò fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yára sí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fún àwọn ọmọ ọdún 12 sí 19, ó gbọ́dọ̀ tó 40. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló wọ́pọ̀ lára wọn jù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un. Bí ẹnìkan bá dákú, ìṣubú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tún nǹkan ṣe, nítorí pé bí ó ti tẹ́ gbalaja, ẹ̀jẹ̀ á padà sí ọpọlọ. Àṣìṣe wa ni pé a máa ń sáré gbé onítọ̀hún dìde, a óò fi í ti ògiri, a óò sì máa da omi sí i lẹ́nu. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ tú ohun tó fún un lọ́rùn. Bí ó bá jí, kó jókòó díẹ̀ kí ó tó dìde. Bí kò bá sì jí láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ pe 999.

IBO NI IYỌ̀ TI WỌ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ?

Ẹni tó bá jẹ ẹ̀pà oníyọ̀ mọ̀ pé òùngbẹ ń bọ̀. Iyọ̀ fẹ́ràn omi. Bí iyọ̀ bá wọ inú ara, òùngbẹ á gbẹ wá, a óò mu omi, kíndìnrín náà á sì di omi náà mú dípò kí ó tọ̀ ọ́ dànù. Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan á pọ̀ sí i. Ẹ padà sí ọ̀rá omi wa: bí ọ̀rá náà bá kún dáadáa, kódà bí ẹ bá gbé e dúró, òkè rẹ̀ kì í rọ̀. Ohun tí iyọ̀ àti omi ń ṣe fún ọmọ mi nìyẹn. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní iyọ̀ àti omi. Iyọ̀ láìsí omi kò wúlò fún òòyì.

Ìlànà tí àwọn dókítà ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù gbé jáde ní 2018 sọ pé kí ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ń já lórí ìdúró máa mu omi lítà méjì sí mẹ́ta, kí ó sì máa jẹ iyọ̀ tó gíráàmù 10 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi gbólóhùn kan ṣíwájú rẹ̀: bí onítọ̀hún kò bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbólóhùn kékeré yẹn ni ìyá mi kò gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ sí i tó ran ọmọ lọ́wọ́, òun náà ló ń ti ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú ara ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti ga tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ń tì í lójoojúmọ́, ó lè di àrùn rọpárọsẹ̀, ó lè sọ ọkàn di aláàárẹ̀, ó lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria rí i pé ọ̀pọ̀ obìnrin Hausa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ń wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú àti èémí tó ń ge. Dókítà Davidson àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Eldryd Parry kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1978. Àṣà ibẹ̀ ni pé kí ìyá ọmọ máa mu ẹ̀kọ tí wọ́n fi kánún sí fún 40 ọjọ́, kí ó sì máa sùn lórí ibùsùn amọ̀ tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, kí agbára rẹ̀ lè padà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà náà rí i pé kánún yẹn ń kó omi jọ sínú ara, ó sì ń di ẹrù ru ọkàn. Àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn wọn ti tọ́ka sí àwọn ohun mìíràn tó tún ń fa àìsàn náà, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ kan kò yí padà: kánún tí a ń fi se ewédú àti ẹ̀wà, iyọ̀ lẹ́gbẹ́ rẹ̀. Sodium tó wà nínú iyọ̀ wà nínú òun náà.

ÌDÍ TÍ ÀWA FI GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA JÙ

Ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun tí a jọ ń gbé ìlú yìí lọ. Ní 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn dókítà Ìbàdàn wà nínú wọn, tẹ àyẹ̀wò kan jáde nípa àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìgbò-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ènìyàn 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní erékùṣù Karíbíánì, ó jẹ́ 26. Ní Amẹ́ríkà, ó jẹ́ 33. Ẹ̀yà kan náà ni, ọbẹ̀ àti ìgbésí ayé ló yàtọ̀. Sísanra wà nínú rẹ̀, iyọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Àwa tí a kó wá sí Peckham ti gbéra ìrìn yẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládìpọ̀ Akínkúgbè, ọmọ Oǹdó tí a bí ní 1933 tí ó sì di olóògbé ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn dókítà ní Ìbàdàn nípa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn kíndìnrín. Àìsàn yìí kì í pariwo. Ènìyàn lè ní i fún ọdún mẹ́wàá kó má mọ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, ìmọ̀ràn ìjọba ni pé kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù 6 iyọ̀ lọ lójúmọ́. Ìyẹn tó ṣíbí kékeré kan tí a fi ń po tíì, tí kò kún jù. Ọmọ ọdún 7 sí 10 kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5 lọ, ọmọ ọdún 4 sí 6 kò gbọdọ̀ ju 3 lọ, ọmọ ọdún 1 sí 3 kò sì gbọdọ̀ ju 2 lọ. Púpọ̀ nínú iyọ̀ tí à ń jẹ níhìn-ín ló ti wà nínú oúnjẹ kí a tó rà á: nínú búrẹ́dì, sọ́sééjì, nudù inú ọ̀rá, àti adìẹ díndín tí àwọn ọmọ ń rà lórí Rye Lane bí wọ́n bá jáde nílé ìwé. Nínú ilé ìdáná wa, Maggi àti Knorr ló ń ṣe é. Bí ẹ bá ka ara páálí wọn, ẹ óò rí i pé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó ju mẹ́ta sínú ìkòkò, tó tún wá bu iyọ̀ lé e, ti fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin ọmọ wa, iṣẹ́ yín nìyí, nítorí ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀lé màmá lọ sọ́jà, ẹ yí ọ̀rá tàbí agolo náà padà, kí ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí iyọ̀ bá ju gíráàmù 1.5 lọ nínú gíráàmù 100 oúnjẹ, ó ti pọ̀. Bí ó bá jẹ́ 0.3 tàbí kó dín, ó kéré. Àwọn ọjà kan tó ti ilé wá kì í kọ iyọ̀, sodium ni wọ́n ń kọ. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2.5, ẹ óò mọ iye iyọ̀ tó jẹ́.

TA NI KÒ GBỌDỌ̀ FI IYỌ̀ WO ÒÒYÌ?

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹni tó ní àrùn kíndìnrín, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, aláboyún, àti ẹnikẹ́ni tí kò tíì wọn ìfúnpá rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ bu iyọ̀ kún iyọ̀, àfi bí dókítà tó mọ̀ wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Òòyì kò túmọ̀ sí pé ìfúnpá ènìyàn kéré ní gbogbo ìgbà. Ìfúnpá ìyá mi ga lórí ìjókòó, ó sì ń já lórí ìdìde. Ohun méjèèjì lè wà lára ẹnìkan ṣoṣo, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn àgbàlagbà. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó nínú ara náà lè fa òòyì, ìyẹn kò sì gbọ́ oògùn iyọ̀ rárá.

OHUN TÍ GBOGBO WA LÈ ṢE LÁÌ FI IYỌ̀ KÚN UN

1. Ẹ rọra dìde. Láti orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ kọ́kọ́ jókòó, ẹ mi ẹsẹ̀ lọ sókè sódò, kí ẹ tó dúró. Ẹ̀yin ọmọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀, ẹ gbé orúnkún kan sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin àgbà wa tó ń ṣàdúrà, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àdúrà ṣe ṣókí, Ọlọ́run gbọ́ èyí tó kúrú náà.

2. Ẹ mu omi. Mo mọ ọ̀pọ̀ ìyá wa tí kì í mu omi láti àárọ̀ nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ìtọ̀ gbọ̀n wọ́n nínú bọ́ọ̀sì. Òòyì ni wọ́n ń fi owó ara wọn rà. Ẹni tó ń gbààwẹ̀, ì bá à ṣe ti Ramadan tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó mu omi dáadáa ní sààrì àti nígbà ìṣínu. Bí ó bá ń lo oògùn, kí ó bi dókítà kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì ti dín omi rẹ̀ kù nítorí àrùn ọkàn tàbí kíndìnrín, kí ó tẹ̀lé ìwọ̀n tí wọ́n fún un.

3. Ẹ má fò dìde lẹ́yìn òkèlè ńlá. Bí iyán bá wọ ikùn, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ á tẹ̀lé e lọ síbẹ̀. Ẹ jókòó díẹ̀. Omi gbígbóná tí a fi ń wẹ̀ pẹ́ títí àti ọtí líle náà ń já ìfúnpá wálẹ̀.

4. Bí òòyì bá ti ń bọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan kọjá èkejì kí ẹ fún itan mọ́ra gírígírí, tàbí kí ẹ di ìkúùkù. Bí kò bá lọ, ẹ jókòó níbi yòówù kí ẹ wà, ì báà ṣe ilẹ̀. Ìjókòó nílẹ̀ kò tini lójú tó kí ènìyàn fi orí gbá ilẹ̀.

5. Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín. Ẹ mú gbogbo oògùn yín, títí kan àgbo, lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí apòògùn, kí ẹ sì sọ pé òòyì ń kọ́ yín. Ohun tó wo òòyì ìyá mi nìyẹn: dókítà dín ọ̀kan nínú oògùn wọn kù, ó yí àkókò òmíràn padà, ó sì ní kí wọ́n máa mu omi. Òòyì lọ. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀.

6. Ẹ ní ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá nílé bí agbára bá ká a. Ẹ dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ dìde, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ mú un lọ fún GP yín. Ìwé kékeré yẹn ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ.

Òòyì mìíràn wà tí kò gba sùúrù. Bí ọmọ bá dákú níbi tó ti ń sáré tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù, bí ènìyàn bá dákú láìsí àmì kankan ṣáájú, bí àyà bá ń dùn ún, bí ẹnìkan nínú ẹbí bá ti kú lójijì ní ọ̀dọ́, bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ má dúró. Bí ẹnu bá sì ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ọwọ́ kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já gaara, ẹ pe 999 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

PECKHAM ATI ÌLERA ÌDÍLÉ

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ronú nípa ìlera ìdílé ní àdúgbò yìí. Ní 1926, àwọn dókítà méjì, George Scott Williamson àti Innes Pearse, bẹ̀rẹ̀ ohun kan ní Peckham tí ayé gbọ́. Ní 1935 wọ́n ṣí ilé ńlá kan fún un ní St Mary's Road, pẹ̀lú odò ìwẹ̀ láàárín rẹ̀. Ẹnìkan kò lè dá wọlé ẹgbẹ́ náà, ìdílé lódindi ló ń forúkọ sílẹ̀, ṣílè kan lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń yẹ gbogbo wọn wò, bàbá, ìyá àti ọmọ, kódà bí ara wọn bá le. Wọ́n ti ilé náà nígbà ogun, wọ́n tún ṣí i, ó sì parí ní 1950. Ilé ìgbé ló dà báyìí. Èrò wọn ṣì wúlò fún wa: ẹ má dúró di ìgbà tí àìsàn bá dé kí ẹ tó mọ ara yín, ẹ sì má yẹ ẹnìkan wò kí ẹ fi àwọn tó kù sílẹ̀.

Lónìí, ẹni tó ti pé ọdún 40 lè wọn ìfúnpá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ kẹ́mísìtì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó wà láàárín ọdún 40 sí 74 tí kò tíì ní àrùn bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà lè gba àyẹ̀wò ìlera ọ̀fẹ́ ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Bí ìwé wọn bá dé, ẹ má jù ú sínú dúróà.

KÍ N TÓ JÓKÒÓ

Nílé mi báyìí, ìkòkò kan la fi ń se ọbẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ sì kéré. Iyọ̀ ọmọ mi wà nínú ike tirẹ̀, a kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, a sì kọ iye tí ó gbọ́dọ̀ bù lóòjọ́. Bí a bá jókòó sídìí tábìlì, òun nìkan ló ń fi kún tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa, títí kan àlejò láti ilé, la ń sọ ìdí rẹ̀ fún. Ó lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ni ì bá ti gba ìyá mi lọ́wọ́ ewu.

Àṣà wa pàápàá ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, a máa ń fi iyọ̀ ṣàdúrà pé kí ayé rẹ̀ dùn. Orí ahọ́n la ti ń fi í tọ́ ọ wò. A kì í bu ìkúnwọ́ iyọ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé díẹ̀ ló ń mú un dùn, àti pé àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ọmọ mi wà lára àwọn tí yóò jó lónìí. Bí ẹ bá rí ọmọbìnrin kan tó kúnlẹ̀ kí yín, tó sì ń rọra dìde bí ẹni tí kò fẹ́ dìde, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ ní sùúrù fún un, ẹ jẹ́ kó dúró tán. Bí ẹ bá sì rí ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tàsé nídìí ìlù, ẹ fún un ní àga àti omi, kí ẹ bi í léèrè oògùn tó ń lò, kí ẹ tó bi í léèrè iyọ̀.

Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní ìlera. Ìlera loògùn ọrọ̀. A ó ṣe èyí ṣe ẹ̀míì lágbára Ọlọ́run.